Irọ́ Ni Ìwé Oorun Tí Mo Fọwọ́ Sí

Fúláàtì 904,
Òpópónà Kotze,
Hillbrow,
Johannesburg.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá, oṣù Ògún, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ààbò Ọkọ̀ Òfuurufú Ológun,
Marshalltown,
Johannesburg.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÀJÁWÌRÌ PÉ KÍ ÌGBÌMỌ̀ MÁ JẸ́ KÍ NASIR YÍWỌLÁ FÒ LỌ́JỌ́ JÍMỌ̀ YÌÍ

1. Èmi ni ìyàwó Nasir Yíwọlá, igbákejì awakọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó ọmọ ogun àti ẹrù. Apoògùn ni mí níbí. Ọkọ mi kò mọ̀ pé mo ń kọ lẹ́tà yìí.

2. Láti oṣù Èbìbí ni wọ́n ti ń rán an lọ sí Bràsíìlì, níbi tí aago ti fi wákàtí márùn-ún rẹ̀yìn sí tiwa. Bó bá dé, kíá ni wọ́n á tún yí i sí iṣẹ́ ìdájí. Ara rẹ̀ kò mọ ibi tó wà mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ràkáà mẹ́rin ló kí ní Àsùbáà dípò méjì, ó sì bi mí ìdí tí oòrùn fi ń yọ dípò kó máa wọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó sùn lọ nídìí ọkọ̀ ní róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, nígbà tó ń gbé Nusrat, ọmọ wa, lọ sí ilé ìwé. Iná ti kúrò ní pupa, àwọn onítakisí ń fun fèrè lẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà ló gbá bàbá rẹ̀ lójú kó tó jí. N kò rẹ́rìn-ín mọ́.

3. Òfin yín ní kó sinmi wákàtí méjìlá kó tó fò. Ṣùgbọ́n ìgbà tí táyà bá ti kanlẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Kó tó kọ ìròyìn, kó tó ti Pretoria, níbi tí ọkọ̀ wọn ń balẹ̀ sí, délé, márùn-ún ti lọ. Ẹ̀bi tiwa ni ìyókù. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí á ti kún yàrá láti kí i kú àbọ̀, Alàgbà Kamil á sì máa béèrè bí Bràsíìlì ṣe rí. Ta ló máa lé ẹni tó wá kíni? Èmi gan-an á máa gbé oúnjẹ fún wọn, ọkọ mi á máa tòògbé lórí àga, á ní òun ń gbọ́.

4. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyí. Kí awakọ̀ tó fò, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé oorun, pé ó sùn wákàtí mẹ́jọ. Ọkọ mi bẹ̀ mí, ó ní bí wọ́n bá mọ̀ pé òun kì í sùn, wọ́n á dá òun padà sílé pẹ̀lú ìtìjú. Mo rò pé iṣẹ́ aya ni láti bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí. Ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ sí ìwé mẹ́rìnlá, láìkọ ọjọ́ kankan sí i. Ó ti lo mọ́kànlá. Mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú gbogbo ilé, n kò rí wọn.

5. Lánàá, mo lọ kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá ikọ̀ wọn. Ó ní kí n dìde, ó ní àárẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ó wá tẹ́ ìwé mọ́kànlá síwájú mi, ó ní ìyàwó ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí pé ó ń sùn dáadáa. Yéè! Àfọwọ́fà mi ni.

6. Ẹ̀yin ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ má gba ìwé mẹ́ta tó kù yẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkọ mi wò, kí ẹ sì fún un láyè kó sùn. Bí ìjìyà bá wà fún ẹni tó purọ́, àdírẹ́sì mi wà lókè. Bí ọkọ mi bá sì kọ̀ mí sílẹ̀ nítorí lẹ́tà yìí, màá fara mọ́ ọn, kó ṣáà wà láàyè kó kọ̀ mí. Ọmọ ogun mọ́kàndínlógójì ló fẹ́ gbé lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn náà ní ìyàwó nílé, ìyàwó wọn kò sì bá mi fọwọ́ sí irọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín nínú ìpayà,

Hajarah Yíwọlá (Ìyáàfin),
Apoògùn.