Òǹtẹ̀ Aago Bàbá Télọ̀

Ajé, 3 oṣù Kẹfà
Bàbá Télọ̀ ti kú. Wọ́n ṣubú nílé, wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí iléeṣẹ́ wa fi sí wọn lọ́rùn pé ká wá gba àwọn. Bọ́tìnnì lu àtẹ̀jíṣẹ́ wọn ní òǹtẹ̀ aago, ìyẹn àkókò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gan-an, lójú ẹsẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti há sórí ìlà, láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń ṣàn wọlé. Ó ju wákàtí kan lọ kí ètò kọ̀ǹpútà wa tó mú un.

Ọmọ wọn obìnrin wá. Ó ń bi wá bóyá bàbá òun ò tètè tẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀gá wa — Ẹnu-Oyin la máa ń pè é — ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Irọ́ gbuu.

Ìṣẹ́gun, 4
Ẹnu-Oyin pè mí. Kí n tún ètò ṣe: àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ti wọlé, kí ètò pa òǹtẹ̀ tó gbé wá rẹ́, kó fi aago tiwa rọ́pò. Kó bẹ̀rẹ̀ látorí ti Bàbá. Ó ní àtúnṣe kékeré ni. Mo ní bó bá ṣe ká lu tiwa sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni, mo gbà. Ká pa ti olóògbé rẹ́? Ẹ wá ẹlòmíì, sà. Ó ní kí n lọ rò ó. Kí ni mo fẹ́ rò?

Ọjọ́bọ̀, 6
Àǹtí mi wá bá mi nídìí kọ̀ǹpútà. Àwọn ló bá mi wá iṣẹ́ yìí, yàrá kan náà la sì ti ń ṣe é. Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, kí n rọra. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ó bá a. Mo ní èmi ò ráyè dúró dogún ọdún.

Inú bí mi sí wọn. Mi ò kí wọn nígbà tí mò ń lọ sílé.

Ẹtì, 7
Mi ò ṣe. Mi ò ní ṣe.

Ajé, 10
Mo débi iṣẹ́ — ẹnìkan ti ṣe é. Aago tiwa ló wà lára àtẹ̀jíṣẹ́ Bàbá. Gbogbo ẹni tó tẹ bọ́tìnnì láàárọ̀ yìí, lójú ètò, ojú ẹsẹ̀ la dá wọn lóhùn.

Mo bèèrè ta ni. Àǹtí ò gbójú sókè. "Èmi ni. Ọ̀gá ní bí mi ò bá ṣe é, èmi àtìwọ la máa gbalé lọ."

Ó dùn mí dé egungun. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà àtẹ̀jíṣẹ́ náà, bí bọ́tìnnì ṣe fi ránṣẹ́, ṣì wà ní ìpamọ́. Mo dá òǹtẹ̀ Bàbá padà, mo dá ètò padà, mo forúkọ mi sí i. Mo wá pe ọmọ Bàbá lórí fóònù. Ẹnu-Oyin dúró tì mí lẹ́yìn, ó ń gbọ́.

Mo ní, "Bàbá yín tètè tẹ̀ ẹ́, mà. Àwa la pẹ́."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Àǹtí ti ń kó ẹrù wa sínú àpò. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ kó.