Òwúrọ̀ Tí Àgùàlà Dúró Ti Òṣùpá

Abúlé Òkè-Àgbọn, lẹ́bàá Ìkìrun, ni wọ́n ti bí Alàgbà Francis Ẹkúndayọ̀ Fágbèmí, sínú agbo ilé Fágbèmí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ oníṣu. Jékọ́bù Fágbèmí, káfíńtà iléeṣẹ́ rélùwéè, ni bàbá wọn. Rebeka Àjọkẹ́ ni ìyá wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa pé jọ síbi ìsìnkú yìí ní Richmond lónìí á máa retí kí a dárúkọ ọjọ́ ìbí Bàbá níbí yìí, gẹ́gẹ́ bí ìtàn irú èyí ti máa ń ṣe. A bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní àyè díẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá fi gbogbo ayé wọn wá, a kò sì fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu lásán bí ẹni pé ó wá fúnra rẹ̀.

Àjọkẹ́ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìbí náà. Ní ọjọ́ kẹfà ni ó kú, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kafanchan. Kí ó tó gbọ́, wọ́n ti sin ín. Kò sí ẹni tó mọ̀wé nílé, kò sì sí ẹni tó kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀. Kò sí fọ́tò. Ìyá bàbá wọn, Ìyá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ló tọ́ ọmọ náà, òun ló sì sọ ọ́ ní Ẹkúndayọ̀. Gbogbo ohun tí màmá lè sọ nípa ọjọ́ náà kò ju pé ó jẹ́ àyíká Kérésìmesì, ọyẹ́ ti ń fẹ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́, òṣùpá tín-ín-rín kan wà níhà ìlà oòrùn, Àgùàlà, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ nì, sì dúró tì í. Àjọkẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fa ẹní òun sẹ́nu ọ̀nà kí òun lè rí i. Ó wò ó títí, ó ní ó dára.

Nínú gbogbo ohun tí ìyá Bàbá fi ojú rí láyé, èyí nìkan ni Bàbá mọ̀ pé àwọn náà lè fi ojú àwọn rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo òkè láti kékeré.

Ní Òkè-Àgbọn nígbà náà, ajá òṣùpá ni wọ́n ń pe Àgùàlà. Wọ́n ní ó ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ kiri ni. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ajá yìí. Wọ́n rí i pé òṣùpá a máa fi í sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, kò sì ní sáré tẹ̀lé e. Ẹ̀bá oòrùn ló máa ń wà: oṣù bíi mélòó kan ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kò ní hàn mọ́, yóò tún yọ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Wọ́n lọ sọ fún ìyá àgbà pé bí ajá bá tilẹ̀ ni, ajá oòrùn ni. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé agbè lọ sódò.

Ìwé ọ̀fẹ́ dé lọ́dún 1955. Wọ́n to àwọn ọmọ sórí ìlà, wọ́n ní kí oníkálukú gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Ti Bàbá kàn án dáadáa. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé bèèrè ọjọ́ ìbí tí kò rí ìdáhùn, ó kọ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1950 fún wọn, ó sì kọ ọ́ fún àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó tẹ̀lé wọn lórí ìlà náà pẹ̀lú. Ọjọ́ yìí ló bá wọn dé orí páálí ẹ̀rí, orí ìwé ìrìnnà, àti orí gbogbo fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá a máa pè é ní ọjọ́ ìbí ìjọba. Ní ọdọọdún tí àwọn ènìyàn bá kí wọn lọ́jọ́ ọdún tuntun, wọ́n á dáhùn pé ẹ kú ọdún, wọn kò ní fi kún un.

Wọ́n gba oyè nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní Ifẹ̀ lọ́dún 1975, wọ́n sì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwọlé, akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ tó wà láàárín wa lónìí, jẹ́rìí pé Bàbá kì í fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Wọ́n á sọ nípa àwọn ará àtijọ́ tí kò ní awò tí a fi ń wo òkèèrè, tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀run sára amọ̀ tútù, bàbá kọ ọ́, ọmọ kọ ọ́, ọmọ ọmọ náà kọ ọ́, títí wọ́n fi mọ̀ pé ní ọdún mẹ́jọ-mẹ́jọ ni Àgùàlà ń padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn gbà pé ayé ló dúró sójú kan, tí oòrùn àti àwọn ìràwọ̀ alárìnkiri ń yí i po. Nígbà tí wọ́n rí i pé Máàsì, ìràwọ̀ pupa nì, a máa rìn lọ, a sì tún máa fà sẹ́yìn, wọ́n gbé òbìrìkìtì kékeré lé orí òbìrìkìtì ńlá kí ìṣirò wọn lè bá ohun tí ojú rí mu. Ó sì bá a mu fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ibẹ̀ ni Bàbá ti máa ń bi kíláàsì bóyá ìṣirò tó jáde dáadáa ti sọ èrò tí a gbé e kà di òótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó sọ ti ẹni tó gbé oòrùn sáàárín, àti ti ẹni tó pa òbìrìkìtì tì nítorí ìyàtọ̀ kékeré kan láàárín ìṣirò àti ohun tí ojú rí, tí kò jẹ́ kó simi. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni Bàbá fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà.

Ní ọdún 1979 ni wọ́n gbé Lará níyàwó, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo nígbà náà. Màmá wa sọ pé ọkùnrin mìíràn ìbá bi òun léèrè ọmọ ọdún mélòó ni òun. Èyí bi òun ní ọjọ́ tí wọ́n bí òun, ó tún bi òun bí ó ṣe dá òun lójú. Ọlọ́run fi Dèjì àti Tófúnmi ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá dé Houston, nítòsí Richmond yìí, lọ́dún 1984 láti kàwé fún ọdún méjì péré. Iṣẹ́ dé, ọmọ ń dàgbà, ọdún méjì náà sì di mọ́kànlélógójì.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tọ́jú àwọn aago ìwọ̀n, èyí tó ń sọ bí ohun inú páìpù ṣe gbóná tó, ní iléeṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte. Kí wọ́n tó wo aago èyíkéyìí, wọ́n á kọ iye tí wọ́n rò pé yóò jẹ́ sínú ìwé pélébé kan tó wà lápò àyà wọn, bírò ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, wọn kì í pa á rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà sí i lórí, kí ojú lè ṣì máa ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà oòrùn ni freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀, kọjú sí bí a bá ń lọ sí La Porte. Ní àwọn oṣù tí Àgùàlà bá wà ní òwúrọ̀, iwájú wọn gan-an ló máa ń wà, lókè iná àwọn iléeṣẹ́. Wọ́n á páàkì ọkọ̀, wọ́n á jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màmá wa bi wọ́n nígbà kan ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n.

“Mo ń wo ohun tí ìyá mi wò,” ni wọ́n fi dáhùn.

Lọ́dún 1998 ni wọ́n kó àwọn ìwé ìṣirò ìràwọ̀ láti láíbìrì, àwọn àti Tófúnmi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá sì jókòó ti tábìlì ìdáná. Láàárín 1946 sí 1950, ìgbà méjì péré ni Àgùàlà wà ní òwúrọ̀ nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀: 1946 àti 1948. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti sọ rí pé Àjọkẹ́ kò tíì wọlé ọkọ lọ́jọ́ tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án, ìyẹn sì jẹ́ oṣù Karùn-ún ọdún 1947. Ó ku 1948. Nínú ọdún náà, òwúrọ̀ méjì ni òṣùpá tín-ín-rín dúró ti Àgùàlà lásìkò ọyẹ́: ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, àti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá. Bàbá rò ó pé oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ máa ń fẹ́ dáadáa, wọ́n sì mú un. Màmá wa ṣe kéèkì. Ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni a ṣe ọjọ́ ìbí náà, ẹ̀yin náà wá bá wa jẹ nínú rẹ̀. Inú Bàbá dùn. Síbẹ̀, Tófúnmi mọ ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ náà nínú ìwé wọn: “Ó ṣeé ṣe.”

Nínú Ìjọ Aládùúrà wa ní Richmond, Bàbá jẹ́ alàgbà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ṣe ń wo ìràwọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé níwájú ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ yín rántí bí àwọn kan ṣe kọ́kọ́ fajú ro, tí wọ́n ń bèèrè bóyá awòràwọ̀ ni wọ́n. Bàbá ní awòràwọ̀ ń sọ ohun tí ìràwọ̀ máa ṣe fún ọ, àwọn sì ń sọ ibi tí ìràwọ̀ máa wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì lójú lè wá mú àwọn bí àwọn bá purọ́. Nínú ọ̀gìnnìtìn tó kọjá yìí, àwọn ọmọ ń fi pínnì sàmì ibi tí Máàsì wà sára páálí. Kálukú kọ́kọ́ kọ ibi tó rò pé yóò wà. Nígbà tí Máàsì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, Zoe ọmọ Dèjì sunkún pé ó ti da òun. Bàbá gbé e lé itan, wọ́n ní àwọn àgbàlagbà tó dàgbà ju àwọn lọ ti sunkún nítorí ẹ̀ rí.

Bàbá lọ sílé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní gbogbo ìgbà náà, àbúrò bàbá wọn, Ìyá Olúdayọ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n bí wọn, ni wọ́n ń wádìí lọ́wọ́ rẹ̀: irú òṣùpá wo, Àgùàlà wà lápá ibo, báwo ni ọyẹ́ ṣe le tó. Ìyá Olúdayọ̀ kò lè fi kún ohun tí ìyá àgbà ti sọ. Ní ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún yìí, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ìyá Olúdayọ̀ ní kí wọ́n má pe òun ní Wednesday, ogúnjọ́ oṣù, ọjọ́ ọjà ni. Ó wá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá gan-an ni kò jẹ́ kí ìyá òun dé ọjà lọ́jọ́ tí wọ́n bí Bàbá. Àkùkọ àkọ́kọ́ ni Ìyá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ti gbé igbá iṣu rù. Òun, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló sáré lé e lọ́nà ọjà pé Àjọkẹ́ ń rọbí. Bàbá bèèrè ìdí tí kò fi sọ èyí fún àwọn láti ọjọ́ yìí.

“O ò bi mí rí,” ni Ìyá Olúdayọ̀ wí. “Òṣùpá lo máa ń bi mí.”

Òótọ́ ni. Ọ̀mọ̀wé wa wá ojú ọ̀run títí, wọn kò bèèrè ibi tí ìyá àgbà ń lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà Òkè-Àgbọn. Kì í yẹ̀. Kódà nígbà tí ọba wàjà tí ẹnikẹ́ni kò tajà, wọ́n ka ọjọ́ náà mọ́ ọn. Bàbá ní kí Tófúnmi mú bírò wá. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ pé oṣù Kejìlá ni àwọn rò pé yóò jẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ padà láti ọjọ́ ọjà Wednesday náà. Bí wọ́n ṣe kà á dé oṣù Kejìlá, ó ṣẹ́ ku ọjọ́ méjì, kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Wọ́n kà á dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá: ẹgbẹ̀rún méje ọjà ó lé mẹ́fà, kò ṣẹ́ kù rárá. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí Tófúnmi náà kà á láìwo tàwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ìlà kan lórí ọjọ́ tí a ti ń jẹ kéèkì rẹ̀, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń sọ nípa ọdún 2028. Wọn ì bá pé ọgọ́rin ọdún, ọdún mẹ́jọ lọ́nà mẹ́wàá, Àgùàlà yóò sì tún wà ní òwúrọ̀, ní ìtòsí ibi tó wà nígbà náà. Wọ́n ti fi bírò kọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ pé òṣùpá kò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé Ìyá Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ni wọ́n fẹ́ dúró sí. Wọ́n ń fẹ́ ẹ débi pé wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ ọ́ nínú àdúrà ìdílé. Ọkàn wọn kò gbé e mọ́. Ní Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n dákẹ́ nílé wọn ní Richmond, ìyàwó wọn dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí a ṣe ọjọ́ ìbí wọn lọ́jọ́ tó tọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ohunkóhun tí ìwé ìjọba ìbáà sọ, ohun tí àwa kọ nìyí: àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ọdún 1948 ni Rebeka Àjọkẹ́ bí Francis Ẹkúndayọ̀. Òní ló pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Òní náà ni a mọ̀ọ́mọ̀ yàn láti sin wọ́n.

Bàbá fi aya wọn Lará sáyé lọ. Àwọn ọmọ wọn, Dèjì àti Tófúnmi. Ìyàwó ọmọ wọn, Bíọ́lá. Àwọn ọmọ ọmọ, Zion, Zoe àti Andrew. Àti Ìyá Olúdayọ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tí kò lọ sọ́jà lónìí. Tófúnmi ti sọ fún wa pé òun yóò wà ní Òkè-Àgbọn lọ́dún 2028, nítorí ohun tí Bàbá kọ sílẹ̀ kò tíì rí ẹni wò ó bóyá ó ṣẹ.

Ẹ kú ọjọ́ ìbí, Bàbá. Ẹ ti rí ọjọ́ náà, ó wá ku ìyá. Kí Olúwa mú yín dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n wà, kí wọ́n wò yín títí, kí wọ́n ní ó dára. Ẹ sùn re o.