Àlàbí Kò Tọ́ Ọtí Wò

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Sùúrùlérè. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà àti gbogbo agboolé. Ara wa le, ìkókó ń dágbà, àfi òjò tí kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn nítorí mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé Àlàbí àbúrò mi ti ya wèrè. Irọ́ gbáà ni!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ó mutí yó, ó wa lọ́rì kọlu ògiri ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Mùṣín. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sẹ́ni tó kú. Ní kóòtù, mo ti ń sunkún ẹ̀wọ̀n, àfi bí adájọ́ ṣe gba láísẹ́ńsì rẹ̀, tó ní kó lọ gba ìtọ́jú ọtí ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba, ibẹ̀ ni irọ́ wèrè yẹn ti wá. Ẹnu yà mí. Ṣé ọtí mímu náà tún lóògùn ni? Èmi rò pé ẹgba ni wọ́n fi ń wò ó.

Níbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè gbé ṣíbí dẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ló ń fún un lóúnjẹ, ó sì ń pè é ní ọ̀gá. Nígbà tó yá, òun àtàwọn awakọ̀ mìíràn tí kóòtù rán wá á jókòó yíká, wọ́n á máa sọ ohun tí ọtí fojú wọn rí. Ó ní òun ò mọ̀ pé awakọ̀ lè sunkún lójú awakọ̀ kí wọ́n má fi í ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ìkókó wa, tí ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ò jẹ́ kẹ́ ẹ wá, ni mo rí ìyanu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé ife ọtí sìnáàpù kiri bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, kálukú ń tọ́ ọ wò, ó ń ṣàdúrà. A ti gbàgbé pátápátá pé Àlàbí ò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí mọ́. Ife dé iwájú Àlàbí tó dúró fún bàbá wa, mo rí i tó gbé itọ́ mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ṣàdúrà títí gbogbo ilé fi ṣe àmín, ó sì gbé e fún ẹni tó kàn láìjẹ́ kó kan ètè. Àgbà kan bínú, ó ní ṣé kò fẹ́ kó dára fún ọmọ ni. Àlàbí dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti mu tòun, òun sì ti mu ti ọmọ náà mọ́ ọn. Ẹ̀rín ta, èmi sì ń sunkún.

Àlàbí ń bọ̀ wálé wá ṣọdún. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má gbé ẹmu pàdé rẹ̀. Ó ní kóòtù ò ba òun lẹ́rù tó ojú yín, ó sì bi mí bóyá ẹ ó ṣílẹ̀kùn fún òun. Mo ti sọ fún un pé ẹ ó ṣí i. Ìyá mi, ẹ má sọ mí di òpùrọ́.

Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́ o. Mo kí tẹbí tará, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́