Má Mu Omi Inú Kẹ́ẹ̀gì Yẹn

Ìlú-Abo,
Ọjọ́bọ̀.

Ìtùnú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ò ni ọ́ jù? Báwo ni ọkọ rẹ, báwo ni àwọn ọmọ ilé ìwé tí ò ń kọ́, báwo ni ooru Oǹdó? Ọlọ́run tó gbọ́ ẹkún Hánà kò ní gbàgbé rẹ. Wẹ́rẹ́ ni wà á sọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, ọ̀tá kankan ò ní mọ ọjọ́ tí o máa bí. Ìwọ náà má sọ ọjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni o, títí kan àwọn nọ́ọ̀sì.

Kí o tó kà á síwájú, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tí mo fún Jíbọ́lá awakọ̀ lọ́jọ́ Sátidé pé kó gbé fún ọ, má mu nínú ẹ̀. Bí o bá ti ṣí i, dé e padà. Bí ife rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, gbé e sílẹ̀, kí o jókòó. Bí o bá sì ti mu ú, má pariwo, ṣáà tètè kà á, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Mo pè ọ́ lánàá, mo ní kí o má mu omi, o wá ń bi mí pé ṣé ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni tàbí ti ọlọ́jọ́ méje. Aboyún! Kí n tó ṣàlàyé, fóònù ti já. Mi ò sì pè padà, torí mi ò fọkàn tán fóònù yẹn mọ́. Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo gbàdúrà sínú ẹ̀ nítorí nǹkan oṣù rẹ, tí mo rò pé ìwọ nìkan ni mò ń fi ránṣẹ́ sí, láìmọ̀ pé inú gúrúùpù ìjọ ni mò ń da gbogbo ẹ̀ sí? Akọrin gbọ́, ìgbìmọ̀ àgbà gbọ́, olórí ẹgbẹ́ ọkùnrin tún fi àtàńpàkò ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní mo lè pa á rẹ́. Ta ló ń pa ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu rẹ́? Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú fóònù tó ń tẹ́tí, bí mo bá ní ọ̀rọ̀ àṣírí, inú ìkòkò ni mo máa ń gbé fóònù sí, kí n dé e. Ọ̀rọ̀ tòní kọjá ti ìkòkò. Ìwé ni kì í sọ̀rọ̀ bí a ò bá ṣí i. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́tà yìí, mo tún fi òwú dúdú rán etí ẹ̀. Bí o bá rí i pé wọ́n ti tú òwú, Jíbọ́lá ni.

Gbogbo ará ulé ń kí ọ. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n fọgbọ́n bi wọ́n léèrè nǹkan kan: lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìgbéyàwó yín, wọ́n fi èdè Oǹdó kí mi, ó gùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mò ń ní ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, títí dòní mi ò mọ ohun tí mo dúpẹ́ lé lórí. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ omi. O mọ kànga ẹ̀yìn ìjọ wa. Ọmọdé ni ọ́ nígbà tí àwa obìnrin fi orí ru iyanrìn rẹ̀, tí gbogbo ìjọ fi ọjọ́ méje gbààwẹ̀ lé e lórí, tí wọ́n sọ ọ́ ní Bẹ́tẹ́sídà. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì la máa ń to kẹ́ẹ̀gì síwájú pẹpẹ, kálukú kọ orúkọ sára tirẹ̀, wọ́n á gbàdúrà sí i, a ó gbé e lọ sílé, a ó mu, a ó fi bọ́jú, a ó wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀mí Ọlọ́run ti ń rábàbà lójú omi kí ìmọ́lẹ̀ tó dé ayé. Inú omi ni Náámánì fi ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ní omi kì í ṣe nǹkan fún onígbàgbọ́, kó wá fi iyẹ̀pẹ̀ ṣèrìbọmi ká rí i. Ọdún mẹ́fà tí o fi ń wojú Olúwa, kẹ́ẹ̀gì kan ni mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́sẹ̀, ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, oyún sì dé. Ṣé mo purọ́? Èmi sì ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ìdérí kànga. Okùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn mi, mo fi ń sùn, mo fi ń wẹ̀.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Leah dé láti Àkúrẹ́, ó ní àwọn elétò ìlera ló rán òun. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ìyẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹni fẹ́ gbẹ̀bí. Ó mú ìgò kan jáde, kò ju ti oògùn ikọ́ lọ, ó ní òun fẹ́ bu omi kànga wa lọ yẹ̀ wò. Mo ní yẹ kí ni wò? Ó ní kòkòrò tí ojú ò lè rí. Mo ní bí ojú ò bá lè rí i, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó wà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màmá, a ò rí Ẹ̀mí Mímọ́ náà, a sì mọ̀ pé ó wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára.

Ló bá tún mú fọ́ọ̀mù jáde. Èèyàn mélòó ló ń mu omi yìí? Ọmọdé mélòó? Aboyún mélòó? Ilé ìgbẹ́ dà? Ìtùnú, ilé ìgbẹ́ dà! Ẹni tó ní omi lòun wá wò, kí ló kàn án pẹ̀lú ilé ìgbẹ́? Ó rìn láti ara kànga dé ilé ìgbẹ́ tuntun tí ìjọ kọ́ lọ́dún tó kọjá, ó ń ka ẹsẹ̀, ó ka méjìlá, ó mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sáré lọ bá Pásítọ̀ Májẹ́kódùnmí, mo ní wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ wa o, wọ́n fẹ́ gbà á. Pásítọ̀ ní kí n fara balẹ̀, kí n fún ọmọ ọlọ́mọ lómi.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Mo rò ó pé omi tí a gbààwẹ̀ lé, kí wọ́n wá fi iná àti kẹ́míkà dán an wò ní Àkúrẹ́, agbára rẹ̀ á lọ, bí ó bá sì lọ, ta ló mọ̀ bóyá oyún rẹ ló máa bá a lọ? Oyún náà kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ. Leah fẹ́ fa omi fúnra rẹ̀, mo ní rárá, obìnrin tí kò bá gbààwẹ̀ kì í dé ìdí kànga. Irọ́ ni, kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Mo gba ìgò, mo lọ sẹ́yìn, mo fi eyín já píọ̀ wọ́tà kan tó wà nínú báàgì mi, mo dà á sínú ìgò, mo dé e pinpin, mo gbé e fún un. Ó dúpẹ́. Ó tún kọ orúkọ mi sára ìgò pé èmi ni mo fà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ìwé dé, ó ní omi náà mọ́ tónítóní. Leah ní ó ya òun lẹ́nu, òun fẹ́ bu òmíràn, ìjọ ní kò sóhun tó jọ ọ́, ṣebí ìwé tirẹ̀ nìyẹn. Pásítọ̀ kà á sétígbọ̀ọ́ ìjọ, wọ́n hó yèè, wọ́n ní sáyẹ́ǹsì ti jẹ́rìí sí iṣẹ́ Olúwa. Wọ́n fi ìwé náà sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e kọ́ ara kànga, orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Èmi náà jó lọ́jọ́ náà, mo jó títí gèlè mi fi tú. Bí mo ṣe ń jó ni nǹkan kan ń bi mí nínú pé ìwọ obìnrin yìí, omi ta lò ń jó sí? Mo ní dákẹ́, Sàtánì.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìgbẹ́ gbuuru fi mú bàbá rẹ. Mo ní mọ́ínmọ́ín Màmá Bímbọ́lá ni. Òun ló gbé e wá fún wa lọ́jọ́ Àìkú, òun fúnra rẹ̀ kò sì jẹ níbẹ̀. Kí ló dé tí kò jẹ níbẹ̀? Aládùúgbò ogún ọdún, tí a jọ ń kọ ohùn kejì, mo yọwọ́ kíkí rẹ̀, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́. Mo wá ń fún bàbá rẹ ní omi ìjọ, ife mẹ́ta lójúmọ́, bí wọ́n ṣe ń mu ún ni wọ́n ń rù. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní kí n ṣí Tìmótì Kìíní, orí karùn-ún, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí Tìmótì yé mu omi nìkan, kó máa fi wáìnì díẹ̀ sí i nítorí inú rẹ̀. Mo ní ìgbà wo lẹ mọ Bíbélì? Ni wọ́n bá kọ omi, wọ́n ń mu ẹmu, ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ dúró. Inú bí mi. Mo ní wọn ò ṣàìsàn kankan, ẹmu ni wọ́n ń fẹ́.

Àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí, tí Tolúwalọpẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ta tí Bímbọ́lá fi sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, fi ìgbẹ́ gbuuru kan náà dákú sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Ọmọ yẹn kì í jẹ ẹ̀wà rárá, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, bó bá fẹnu kan mọ́ínmọ́ín, á wú. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Ọmọ ò jẹ mọ́ínmọ́ín. Bàbá rẹ fi omi sílẹ̀, ara wọn yá. Ẹsẹ̀ méjìlá péré ni ilé ìgbẹ́ sí kànga.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Bímbọ́lá wá bá mi. Obìnrin tí mi ò kí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé inú ń bí mi, kí n dárí ohunkóhun tí òun bá ṣe ji òun, kí n ṣáà ṣí kànga kí òun bu omi àdúrà lọ fún ọmọ. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú lábẹ́ aṣọ. Bí mo bá ṣí i, ọmọ á mu ún. Bí mo bá sọ òótọ́, ojú mi dà nínú ìjọ? Mo ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. Ó wo okùn rẹ̀ lọ́rùn mi, ó wò mí lójú, ó dìde, ó lọ. Ìtùnú, wọ́n ti bú mi rí, wọ́n ti parọ́ mọ́ mi rí, kò sí èyí tó dùn mí tó wíwò yẹn.

Mo wọlé, mo ṣí Bíbélì, mò ń wá ibi tí yóò gbè mí. Àwọn Ọba Kejì, orí kejì ni mo já sí. Àwọn ará Jẹ́ríkò bá Èlíṣà, wọ́n ní ìlú yìí dára, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ ò dára. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èlíṣà ò bá wọn jà. Kò pè wọ́n ní aláìgbàgbọ́, kò ní ta ló rán yín wá gba ilẹ̀ wa. Ó ní kí wọ́n gbé àwokòtò tuntun wá, kí wọ́n fi iyọ̀ sí i. Torí pé wọ́n sọ pé omi burú ni omi fi rí ìwòsàn. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní Jẹ́ríkò ni, omi ìlú mìíràn ni ǹ bá bù fún Èlíṣà. Mo sunkún. Ọlọ́run ò parọ́, àdúrà ò parọ́, èmi Ìbídùnní ni mo parọ́.

Mo jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ. Wọ́n ní kí n tó dé ọ̀dọ̀ Pásítọ̀, kí n kọ́kọ́ lọ bá ẹni tí mo ṣẹ̀ jù. Mo lọ sí ọsibítù lánàá. Ọmọ ti ń mu ògì, ògo ni fún Ọlọ́run. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Màmá Bímbọ́lá lórí ìdúró. Kò bú mi. Ó kàn ń bi mí pé ṣé òun lè máa kí mi báyìí, tàbí mo ṣì ń bínú mọ́ínmọ́ín. Ó sàn kó gbá mi létí.

Kànga ti wà ní títì láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìjọ ń kùn. Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ní ta ló ní ẹ̀rí, n ó dìde, n ó já ìwé yẹn lára kànga, n ó sọ irú omi tí mo dà sínú ìgò Leah. Wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi, kí wọ́n gbà á. Bá mi wá owó ọkọ̀ Àkúrẹ́, àlọ àti àbọ̀, fún èmi àti Màmá Bímbọ́lá, lọ́jọ́ Ajé a ó lọ bẹ Leah kó padà wá. Òun ni kó fa omi fúnra rẹ̀, kí Màmá Bímbọ́lá dúró tì í, èmi ò gba ara mi gbọ́ nídìí ìgò mọ́. Má fi owó náà gba ti oní-POS, ọmọbìnrin ibẹ̀ ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ bí ẹni ń béèrè orúkọ. Fi í sínú àpòòwé, kí o kọ oògùn inú rírun sí i lára, Jíbọ́lá ò ní tú u.

Lọ́la, lọ rí dókítà. Sọ fún un pé omi kànga ni ìyá rẹ ń fún ọ mu, má bò mí láṣìírí. Omi tí o bá máa mu, sè é kó hó, kó tutù, kí o tó gbàdúrà sí i. Ọlọ́run tó dá omi ló dá iná. Yóò pa ìwọ àti ọmọ inú rẹ mọ́, àìmọ̀ mi kò ní di ìyà yín, irọ́ mi kò ní bá ọmọ rẹ. Ní ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀, èmi ni n ó gbé e, lágbára Jésù.

Jíbọ́lá tó mú lẹ́tà yìí wá kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ títí o ó fi da omi kẹ́ẹ̀gì yẹn nù lójú rẹ̀, mo ti sọ fún un. Lórí èyí, kì í ṣe Jíbọ́lá ni mi ò fọkàn tán, ìwọ ni. Mo mọ̀ pé wà á wo kẹ́ẹ̀gì, wà á ní màmá ti ń darúgbó, ìgbàgbọ́ wọn ti ń rọ̀, jẹ́ kí n mu ife kan péré, ti ìgbẹ̀yìn. Mo mọ̀, torí èmi ni mo kọ́ ọ.

Ìyá rẹ,
Ìbídùnní.