Káàdì Gbogbo Ìlà Wa Nínú Fìlà Mi

Jìdárì Pólò,
Maidúgùrí.

Jàáfárù ọmọ mi, àkọ́bí mi, Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi Èkó gbé ọ lọ kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ jó ọ lẹ́sẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Adébùsọ́lá ìyàwó rẹ le, ṣé ọmọ ń jẹun? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún ṣì ń dun òun, mo ní mi ò ní kọ ìyẹn sínú ìwé nítorí orúnkún kì í ṣe ìròyìn, ó bínú dìde ó jáde lọ, ìwọ náà rí i pé orúnkún ọ̀hún ṣì ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà rẹ dé. Èmi fúnra mi ni mo kà á, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni, torí ilé ìwé àgbà tí mo ń lọ nígbà yẹn kò lọ lásán. Ṣùgbọ́n Háúsá pọ̀ jù nínú Yorùbá rẹ. Ta ló ń kí bàbá rẹ̀ ní "sannu da aiki" nígbà tí bàbá ọ̀hún jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́? O ní kí n wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí a fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀. Mo wá. Wọ́n gbé e fún mi, mo gbọ́ ohùn rẹ, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló wà lẹ́yìn mi, kò sì bójú mu kí ọmọ mi máa kí èèyàn láti Èkó kí n dá ìkíni jẹ, ni mo bá ní kí wọ́n kí ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ni wọ́n kí ọ. Nígbà tó yí kàn mí, tẹlifóònù ti kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé, ìròyìn ilé kò sì dára.

Ọ̀rọ̀ hárájì ni, owó orí tí wọ́n bù lé ìsọ̀. O mọ̀ pé láti ayébáyé la ti ń san owó ọjà, a kì í jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọjà wa lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa san hárájì tuntun lórí ti àtijọ́, àti ìsọ̀ ńlá àti kékeré, iye kan náà. Èmi tí mo ní ìsọ̀ ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ méjì tó já sínú ara wọn, àti Mùínátù tó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì lórí pákó tí kò gba ju òun nìkan lọ, ọ̀kan náà ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò bá san, wọn yóò fi ṣéènì ti ìsọ̀ rẹ̀, bó bá pẹ́ wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn.

O mọ Mùínátù, ìyàwó Ṣàíbù àbúrò mi tó ti lọ, ìyá Fàósátù. Lọ́jọ́ tí a sin Ṣàíbù, èmi ni mo dìde láàárín gbogbo ará Jìdárì Pólò tí mo ní ìyà kò ní jẹ obìnrin yìí níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí. Pákó yẹn ló fi ń jẹun, òun náà ló fi rán Fàósátù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bí hárájì yẹn bá dúró, pákó lọ nìyẹn.

Àfi àwọn onísọ̀ ńlá tí iye kan náà rọ̀ lọ́rùn, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ nínú ọjà. Alàájì Láwàlì, olórí àwọn oníṣòwò, Kànúrí tí bàbá bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ ní Yerwa, Maidúgùrí àtijọ́, kí wọ́n tó bí mi, ló gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Adájọ́ ní kí wọ́n lọ bi gbogbo onísọ̀ léèrè, kí olúkúlùkù dìbò bóyá òun fẹ́ hárájì tàbí òun kò fẹ́, bí àwọn tí kò fẹ́ bá pọ̀ jù, hárájì kú nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi mi ò gbọ́ ọ rí pé wọ́n bi ewúrẹ́ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n pa òun. Ṣùgbọ́n wọ́n pín káàdì fún wa lóòótọ́, onísọ̀ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀.

Ibi tí mo ti gbọ́n ju gbogbo wọn lọ nìyí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá fẹ́ gba owó orí, baálé ló ń gbà á jọ lọ́wọ́ gbogbo ọkùnrin agbo ilé, òun ló ń kó o lọ sí ààfin. Bàbá mi kó tiwa lọ títí ó fi kú, akọ̀wé kan kò bi í rí pé àwọn tó ni owó dà. Mo wá rò ó. Bí ẹnìkan bá lè ru owó orí agbo ilé lọ, ṣé ẹni náà kò lè ru kíkọ̀ wọn lọ ni? Ta sì ni baálé ìlà ìsọ̀ àwa Yorùbá nínú ọjà bí kò ṣe èmi Làtíì, tí mo fi orí ru ẹrù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin títí mo fi ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́, tí mo tú kẹ̀kẹ́ náà palẹ̀ tí mo tà á ní ẹyọ ẹyọ, tí ìyẹn sì di ìsọ̀ méjì? Mo ní kí gbogbo ìlà kó káàdì wọn wá, kí wọ́n jókòó ti ọjà wọn, torí ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹja láti Bàgá ń wọlé ni ìdìbò bọ́ sí, oníbàárà yóò pọ̀.

Inú wọn dùn. Oyèwálé tó ń tún aago ṣe nìkan ló ní Bàbá, wọ́n sọ nínú rédíò pé kálukú ni kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Mo bi í pé agbo ilé ta ni rédíò ti wá. Ó gbé káàdì tirẹ̀ sílẹ̀. Mùínátù ní, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ, kò jìnnà. Mo ní láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣé ẹnikẹ́ni rí i kó dá ẹrù ru lójú mi? Ó kúnlẹ̀, ó fi káàdì rẹ̀ sínú fìlà mi lé ti àwọn yòókù lórí. Ó di etí káàdì náà mú díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é.

Àgbà kì í bá ọmọdé ti ara wọn lórí ìlà ìdìbò, nítorí náà mo dúró títí mo fi kí ìrun Alásàrí kí n tó wọ agbádá lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò. Ọmọbìnrin kan tó wọ dígí ojú ló jókòó síbẹ̀, wọ́n ní yunifásítì ló ti ń kàwé. Ó fún mi ní ìwé ìbò tèmi, ó ní kí n lọ sẹ́yìn aṣọ kan tí wọ́n ta. Kí ni olóòótọ́ èèyàn ń wá lẹ́yìn aṣọ? Olè ló ń sá pamọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ayé, mo gbé e sókè, mo fi Háúsá ké pé bábù hárájì, kò sí hárájì! Ó ní mo ti fi han gbogbo èèyàn, ó ti bàjẹ́. Mo ní ìwé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi, ó ti ṣe bàjẹ́, ṣé ọbẹ̀ àná ni?

Mi ò jẹ́ kí ìyẹn dùn mí, mo da fìlà mi sórí tábìlì rẹ̀. Ó wo káàdì, ó wò mí, ó fi Háúsá bi mí pé àwọn tó ni ín dà. Mo ní èmi ni mo ni àwọn tó ni ín. Ó ní Bàbá, ẹ dákun, ẹ lọ pè wọ́n, wọ́n ṣì lè bá a. Mo rí i pé kò mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀, ni mo bá fa àga, mo ń ṣàlàyé ara mi fún un láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ń ní àkókò ń lọ, àkókò ń lọ. Mo ní àkókò kò dàgbà jù mí lọ. Ibi tí mo ti ra kẹ̀kẹ́ ni mo dé tí wọ́n fọn fèrè, wọ́n ti àpótí. Ó kó káàdì wa sínú àpò ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó ní wọn kò lè kà á.

Wọ́n ka èsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì níwájú mọ́ṣáláṣí ọjà. Hárájì borí. Díẹ̀ ló fi borí, díẹ̀ náà kò tó iye èèyàn tó wà ní ìlà wa. Alàájì Láwàlì ti gbọ́. Ó wò mí, ó ní kí Ọlọ́run fún wa ní sùúrù, ó sì kọjá lára mi láì na ọwọ́. Oyèwálé kò ní sùúrù ní tirẹ̀, ó ké mọ́ mi níwájú oníbàárà pé fìlà yín ló san hárájì yìí, Bàbá. Mo ní bàbá tó bí i lọ́mọ kò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá òun ìbá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń mú ẹjọ́ wá sí iwájú ìsọ̀ mi mọ́. Mi ò dé fìlà yẹn mọ́ náà, ooru ń mú.

Ọmọbìnrin onídígí yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Gbọ́ ohun tó tún yà mí lẹ́nu. Mo ta táyà lọ́pọ̀, mo mú hárájì tèmi lọ san. Akọ̀wé tó ń gbà á bi mí bóyá mo fẹ́ san ti ẹlòmíràn mọ́ ọn, òun yóò gbà á. Mo ní kò ní bi mí pé ẹlòmíràn ọ̀hún dà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, owó ni, kì í ṣe ìbò. Mo gba rìsíìtì tèmi, mo kúrò níbẹ̀. Kò sì sí owó lọ́wọ́ mi tí n bá fi san ti Mùínátù.

Wọ́n fi ṣéènì ti pákó rẹ̀. Ó kó òwú sínú abọ́, ó ń kiri láti ilé dé ilé títí dé àdúgbò Fórì, ooru yìí sì ni. Fàósátù ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí kò ṣeé fara dà mọ́, Mùínátù wá kí mi pé òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ l'Ékòó, Fàósátù yóò dúró ti ìyá rẹ níbí. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló fi kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti ìgbà tí Ṣàíbù ti kú, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sì dárúkọ ìdìbò. Ìbá bú mi ni, mo mọ èsì. Mo gbé báàgì rẹ̀ kí n bá a gbé e dé ibùdókọ̀, ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ fi sílẹ̀, Bàbá, mo lè gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo tẹ̀lé e lẹ́yìn láti ilé dé ibùdókọ̀, òfìfo ni ọwọ́ mi, gbogbo èèyàn sì ń wò wá.

Jàáfárù, mi ò bẹ̀ ọ́ lówó rí láì ní ìdí. Èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kíákíá kí n fi gba pákó yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún ẹlòmíràn. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kí Fàósátù fi padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ ní kí o fi òróró orúnkún mọ́ ọn, ó dára, mo ti kọ ọ́.

Bí Mùínátù bá dé, fún un ní àyè níwájú ilé rẹ kó tẹ́ òwú rẹ̀ sí. Má bi í léèrè ohunkóhun. Bí o bá sì rí i tó ń gbé nǹkan tó wúwo, má sáré lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́ bi í.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí. Kò ní jẹ́ kí apá rẹ rọ, kò ní fi ìyàwó rẹ ṣe opó, ọmọ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làtíì Lájídé.