Òkúta Tí Mo Ní Kò Lè Débẹ̀

Mọ́ńdè, 10 Júùnù 1963
Ọ̀gá ilé-ìwé wa tuntun (Agbọ́n ni n ó máa pè é níbí, nítorí ẹnu rẹ̀) bi àwa olùkọ́ ní ìbéèrè lójú àwọn ọmọ. Bí ènìyàn bá ń fi kànnàkànnà fì òkúta yípo lókè orí, tó sì jù ú sílẹ̀ nígbà tí okùn kọjú sí ọ̀pẹ, ibo ni òkúta ń lọ? Mo ní ìdí ọ̀pẹ ni, ibo ni ì bá tún lọ? Agbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà lọ. Ọwọ́ ń yún mi láti gbá a létí. Dáfídì ńkọ́? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ni òkúta tirẹ̀ gbà bá Gòlíátì?

Túsìdeè, 11
Mo na àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ méjì ló ní ọ̀rọ̀ ọ̀gá ló tọ́. Mo na ìyókù nítorí pé wọ́n rẹ́rìn-ín.

Tọ́sìdeè, 13
Mo ti rí ẹni tí yóò pa Agbọ́n lẹ́nu mọ́ — Fámúyìwá, àgbẹ̀ ará Masifa, tó ń fi kànnàkànnà lé ọ̀bọ lóko àgbàdo. Òkúta rẹ̀ kì í tàsé. Ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Bí mo bá jù ú nígbà tí okùn kọjú sí ọ̀pẹ, kò níí dé ọ̀pẹ o." Mo ní kó wá jù ú bí mo ti wí lójú gbogbo èrò ní Sátidé. Kí ni àgbẹ̀ mọ̀?

Fúráìdeè, 14
Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Òkè ní òun náà ń bọ̀ wá wòran lọ́la. Ọ̀tá Fámúyìwá ni. Lọ́dún Ògìyán tó kọjá, nígbà tí gbogbo ìlú ń fi àtòrì nara wọn bí ìṣe wa, àwọn méjèèjì fa àdá yọ. Òkè gba ọgbẹ́ ní èjìká, Fámúyìwá pàdánù ìka kan. Kó máa bọ̀. Kí èrò pọ̀.

Sátidé, 15
Ẹ̀jẹ̀. Mo kó gbogbo èrò kúrò lẹ́yìn ọ̀pẹ, mo kó wọn sápá òsì Fámúyìwá. Òkè ń kùn pé oòrùn ń wọ òun lójú. Mo fà á wá síwájú wọn, mo ní òkúta kò lè débẹ̀ láéláé. Fámúyìwá wò mí. Mo kígbe mọ́ ọn: jù ú! Mo ń wo ọ̀pẹ. Ohun kan fọ́ bí ìkòkò lápá òsì. Iwájú orí Òkè ti jìn wọnú.
Àwọn àbúrò rẹ̀ fi igi bo Fámúyìwá. Wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá, wọ́n yọ eyín rẹ̀, wọ́n ń pariwo pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, ìjà àdá ló ń gbẹ̀san. Mo dúró, mo ń wò wọ́n.

Sọ́ńdè, 16
Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Túsìdeè, 18
Òkè kú. Wọ́n dáná sun abà Fámúyìwá. Òun fúnra rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú apá tó ṣẹ́. Wọ́n ní ó pànìyàn, wọn yóò so ó kọ́. Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀ níwájú mi: "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ ṣáà sọ fún wọn ohun tí ẹ ní kó ṣe." Mo ní èrò pọ̀, mi ò rántí. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo sọ ọ́ náà.

Tọ́sìdeè, 20
Èmi nìkan, kànnàkànnà, ọ̀pẹ. Ogójì ìgbà. Ogójì ìgbà ló gba apá òsì. Mo forí gbá ọ̀pẹ títí iwájú orí mi fi bẹ́. Agbọ́n ló rí mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Olújídé, èmi pẹ̀lú rẹ nìkan la mọ ìdí tí òkúta fi lọ síbẹ̀."

Fúráìdeè, 21
Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní Fámúyìwá kìlọ̀ fún mi, èmi ni mo fipá mú un. Mo ní èmi ni mo fa Òkè dúró síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Òkè gbá mi lójú, etí mi ṣì ń hó. Mi ò dá a padà, èmi tí ọwọ́ mi kì í gbélé. Sájẹ́ǹtì gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ta ló wá pa á?"
Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo ní èmi ni.
Wọ́n ní kí n wá kó aṣọ méjì. Ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé mi wálé ń kan ilẹ̀kùn báyìí.