Ẹ̀yìn Tí Wọ́n Yà Ní Fọ́tò Kì Í Ṣe Tèmi

Mọ́ládé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Treasure ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ọlọ́run yóò wò ó sàn pátápátá. Àwa náà wà ní Ìgànná níbí, a dúpẹ́. Òjò ti dé, ilẹ̀ ti rọ̀ fún àwọn tó ń fa ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n igi ìdáná tutù, èéfín fẹ́ fọ́ wa lójú níbi tí a ti ń yan gààrí.

Tíṣà Akíntọ́lá ló máa ń bá mi kọ lẹ́tà, o mọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, torí ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, kò ṣeé sọ lójú tíṣà. Kò sì ṣeé sọ lórí fóònù, torí ẹni tó ń ṣọ́ òpó gíga tí wọ́n rì sẹ́yìn ọjà, gbogbo ohùn tó bá ń kọjá lókè ibẹ̀ ni yóò máa gbọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ń ra gààrí lọ́wọ́ mi.

Mo gbọ́ gbogbo àlàyé tí o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ lórí ohun tí dókítà Ìbàdàn rí nínú fọ́tò eegun ẹ̀yìn mi tí a fi ránṣẹ́ sí ọ. O ní eegun kan nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ti yẹ̀ síwájú lórí ìkejì rẹ̀, tìmùtìmù àárín wọn ti gbó, wọ́n wá ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. O ní wọ́n lè gé díẹ̀ lára eegun kí iṣan lè ráyè, tàbí kí wọ́n fi irin àti síkírúù so eegun méjèèjì pọ̀ kí ó má yẹ̀ mọ́, wọ́n sì lè ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi Samsudeen tó ń tún ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe bóyá irin inú ara kì í dípẹtà nígbà òjò. Ó ní kí n mú bóòtì irin tòun dání, torí ti ìlú ńlá kì í tọ́jọ́. Ó ti fi bẹntiróòlù fọ mẹ́rin sílẹ̀. O ní dókítà ti bá mi fi bẹ́ẹ̀dì kan pa mọ́, kí n tètè wá kí ó yẹ̀ mí wò.

Mọ́ládé, ẹ̀yìn yẹn kì í ṣe tèmi.

Lọ́jọ́ tí a lọ ya fọ́tò ní Ìsẹ́yìn, Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ìyàwó kékeré bàbá rẹ, ló sìn mí lọ. Wọ́n ń kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n bi mí pé ta ló sún mọ́ mi jù. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, òun ló sún mọ́ mi jù lórí bẹ́ǹṣì, òun ni mo ní kí wọ́n kọ. Ọmọkùnrin tó ń ya fọ́tò wá ní kí n bọ́ gbogbo ohun tó wà ní ìdí mi. Ọmọ mi, ìlẹ̀kẹ̀ tí bàbá rẹ rà fún mi nígbà tí mo lóyún rẹ ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti kú, n kò tú u. Èmi arúgbó, tí mo ń bá àwọn ọmọge wí nínú ìjọ, kí ọmọ ọlọ́mọ wá rí ìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí mi! Mo fa Ìyá Tèmítọ́pẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kó wọlé lórúkọ mi, bí mo ṣe máa ń rán an lọ sódò. Mo rò ó pé ọkọ kan náà ló fẹ́ wa, gààrí kan náà là ń yan, ọbẹ̀ kan náà là ń jẹ, eegun wa kò lè yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí o wá ní dókítà ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ òsì mi máa ń kú, bóyá n kò lè rìn jìnnà láìfara ti nǹkan, mo rẹ́rìn-ín, torí kò sí èyí tó ń ṣe mí níbẹ̀. Tèmi kàn máa ń ro mí tí mo bá jókòó pẹ́ ni, mo sì máa ń pariwo rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Bí mo ṣe gbójú sókè ni mo rí Ìyá Tèmítọ́pẹ́ tó ń ti bárò omi bọ̀, ó fara tì í, bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, kò mọ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Nítorí bárò yẹn ni mo ṣe ń pè é ní ọ̀lẹ, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi orí ru omi.

Mo bi í. Ó ní ó ti pé ọdún méjì. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní èmi ni mo kọ́kọ́ ní ẹ̀yìn ń dùn mí, òun kò lè bá ìyálé òun du àìsàn. Ojú tì mí, Mọ́ládé, n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń fi aṣọ gbígbóná jó ẹ̀yìn fún mi láràárọ̀ ni ẹ̀yìn tirẹ̀ ti yẹ̀.

Jọ̀ọ́, lọ bá dókítà, kúnlẹ̀, sọ pé ìyá rẹ purọ́. Má jẹ́ kó fi ìbínú gba bẹ́ẹ̀dì náà. Kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́, kí wọ́n kọ ti Ìyá Tèmítọ́pẹ́. Ifádùnní ni orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nínú ilé kan náà, mo ní láti bi í kí n tó mọ̀ ọ́n. Fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, àti ti oúnjẹ mi, torí èmi ni màá sùn tì í. Má fi í sí báńkì o, ẹni tó ń ka owó láti inú ògiri kì í wá síṣẹ́ lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Bóòtì Samsudeen wà lọ́wọ́ mi bí dókítà bá fẹ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣe ohun tí o kò ní lè sọ fún ọmọ rẹ. Wàá jẹun ọmọ pẹ́, ilé rẹ yóò tòrò.

Èmi ni ìyá rẹ.

Mo gbàgbé: mo ti tú ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ó wà nínú agolo mílíìkì lórí àpótí mi. Bí wọ́n bá fẹ́ ya ẹ̀yìn tèmi náà, èmi fúnra mi ni màá wọlé, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ mú Ifádùnní. Èmi yóò tẹ̀ lé e.